Ọkọ̀ Ń Yí, Kò Sítáàtì: Ẹ Má Tíì Ra Pọ́ḿpù

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lẹ máa ń bá lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó kan Ọ̀gá Àgíríìkì nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ̀gẹ́ tí a hú lónìí, bó bá fi máa di ọ̀túnla, inú ẹ̀ á ti máa dúdú. Tòmátò náà ò ní sùúrù púpọ̀. Mo lè gbà yín nímọ̀ràn lórí irúgbìn àti ajílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí ọkọ̀ bá kú sẹ́nu ọ̀nà oko pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kí la fẹ́ sọ?

Àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń dún wúù-wúù-wúù, ó ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n kò sítáàtì. Kì í ṣe èyí tó máa dún "kò!" lẹ́ẹ̀kan tí á sì dákẹ́ o. Ìyẹn ọ̀rọ̀ bátìrì tàbí kíkì sítátà ni, ọjọ́ mìíràn la máa sọ ọ́. Nínú èyí tí mò ń sọ, kíkì sítátà ti ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi tí mo bá rí géńdé mẹ́fà tí wọ́n ń ti irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí ẹ́ńjìnì lè yí la ṣe ń ti mọ́tò. Ó kúkú ti ń yí! Ẹ tọ́jú agbára yẹn de ìgbà tẹ́ ẹ máa já ẹrù.

Mọ́tò tí mo mọ̀ jù ni pikọ́ọ̀pù Peugeot 504. Láti 1975 ni iléeṣẹ́ tó wà ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ nílẹ̀ yìí, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ò sì tíì jẹ́ kí 504 kú di òní. Ọ̀kan ni bàbá mi fi ń kó ẹrù títí mo fi wọ pólì. Èmi ni mo máa ń mú tọ́ọ̀ṣì dání fún un tó bá ń tún un ṣe lálẹ́, tí mo bá sì tan iná síbi tí kì í ṣe ibẹ̀ ló ń wò, ẹ̀yin náà mọ ohun tójú mi máa ń rí. Ní pólì ni wọ́n ti wá là mí lóye ìdí ohun tí bàbá mi ń ṣe, nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ oko. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ wa sọ kò pọ̀: ẹ́ńjìnì tó ń lo bẹntiróòlù ń fẹ́ epo, ó ń fẹ́ iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, ó sì ń fẹ́ kí písítìnì rí afẹ́fẹ́ fún pọ̀, èyí táwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńpírẹ́ṣàn. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bọ́ sí àsìkò. Bí wọ́n bá pé, á sítáàtì. Bí kò bá sítáàtì, ọ̀kan nínú wọn ti sọnù, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó sọnù kí owó tó kúrò lápò yín.

Kẹ́ ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ fetí sí i. Ẹ́ńjìnì tí kọ́ńpírẹ́ṣàn rẹ̀ pé máa ń yí pẹ̀lú ìlù, bí ìgbà tí èèyàn mẹ́ta bá ń gúnyán nínú odó kan. Bó bá wá ń yí fẹ́ẹ́rẹ́, tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò sí ìlù kankan nínú rẹ̀, bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ dáwọ́ dúró. Ó ṣeé ṣe kí ṣéènì tàbí bẹ́líìtì táímìnì ti já. Nínú mọ́tò mìíràn, tẹ́ ẹ bá ń yí i lọ bẹ́ẹ̀, písítìnì á máa gbá fáàfù, ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì lásán á wá di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Ṣéènì ni 504 ń lò ní tiẹ̀, kì í sì í sábà já.

Bó bá sì ń fà, wúù... wúù..., bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè ní agbára tó máa yí ẹ́ńjìnì, kó má ṣẹ́ èyí tó máa tan púlọ́ọ̀gì kù. Tẹ́ ẹ bá ní mítà, ẹ fi wọ̀n ọ́n nígbà tẹ́nìkan ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí bátìrì fóòtù 12 bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, ẹ tọrọ bátìrì tó dá ṣáká lọ́wọ́ ẹlòmíràn kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan nǹkan mìíràn. Ẹ má sì yí i ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó sinmi bí ìṣẹ́jú kan. Mo ti rí kíkì sítátà tó jóná nítorí púlọ́ọ̀gì lásán.

Lẹ́yìn etí, imú ló kàn. Tẹ́ ẹ bá ti yí i díẹ̀, ẹ lọ sídìí sàlẹ́ńsà kẹ́ ẹ gbóòórùn. Bí epo bá ń rùn gidi níbẹ̀, epo ń dé inú ẹ́ńjìnì, kò kàn jóná ni. Ìyẹn ni pé iná lẹ máa wá lọ. Bí ẹ ò bá gbọ́ òórùn epo rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo ni kò dé. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹ̀wò yìí, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó tó pọ̀.

Ìyá kan wà níhà Ìṣẹ́yìn tó ń yan gàrí, tó sì ní oko ẹ̀gẹ́ tiẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ wo oko náà, mo bá pikọ́ọ̀pù 504 ìyá lábẹ́ igi, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ́nu, láti àná ni wọ́n ti kó o sí i. Wọ́n ti ra pọ́ḿpù epo tuntun. Wọ́n ti tú kábúrétọ̀ fọ̀. Mẹkáníìkì wá sọ pé ó kù kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnì, pé ríǹgì ló ti lọ. Ìyá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ọmọ mi, wọ́n ní ká ṣí ẹ́ńjìnì o. Gàrí tí mo tọ́jú de owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni màá tà." Nígbà yẹn, gàrí ò lówó lórí rárá. Ẹni tó bá tà á lọ́sẹ̀ náà, ṣe ló fi ta ẹnìkan lọ́rẹ.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yí i fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ìlù wà nínú yíyí rẹ̀, ó dún ketekete. Mo lọ sídìí sàlẹ́ńsà, òórùn epo ló lé mi kúrò níbẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá mẹkáníìkì pé kó bá wa yọ púlọ́ọ̀gì kan. Ó yọ ọ́, ó tutù rinrin. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí pọ́ḿpù ò bá ṣiṣẹ́, ta ló wá bu epo sórí púlọ́ọ̀gì yìí?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni, ó ti yé e lójú ẹsẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ wá iná náà. A kó gbogbo epo tó wà nítòsí jìnnà, a nu ibi tó tutù gbẹ, a sì dúró kí òórùn epo kọ́kọ́ lọ. A fi púlọ́ọ̀gì gbígbẹ sẹ́nu wáyà rẹ̀, a gbé ara irin rẹ̀ lé ẹ́ńjìnì, jìnnà sí ihò tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì, a fi ẹ̀mú tó ní rọ́bà dì í mú, ìyá sì yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí nǹkan kan. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí iná búlúù tó ń ta ṣáṣá. Bó bá pupa rúsúrúsú, kò lágbára. A yọ wáyà àárín tó ti ara kọ́ìlì wá, a gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin. Òfo náà ni. Ká ní iná jáde níbẹ̀ ni, ìdérí dísítíríbútọ̀ tàbí rótọ̀ inú rẹ̀ là bá mú. Bí kò ṣe sí, ọ̀rọ̀ ti padà sí kọ́ìlì tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. A ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, a tún yí i: rótọ̀ ń yí. Tí rótọ̀ bá ń yí, ṣéènì ò já nìyẹn, ẹ yọ ìyẹn lọ́kàn. Kọ́ńtáàtì ń ṣí, ó ń padé. Kí ló wá kù?

Mẹkáníìkì fa gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì yọ. Ó so ẹnu kan mọ́ irin ẹ́ńjìnì, ó fi ìkejì kan ibi tí iná ti ń wọ kọ́ìlì. Ó tàn. Ó fi kan ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tó lọ sí dísítíríbútọ̀. Níbẹ̀, tí ẹ́ńjìnì bá ń yí, ó yẹ kí gílóòbù máa tàn, kó máa kú, kó máa tàn. Tiwa tàn, kò kú. Bí kọ́ńtáàtì bá ń padé tí gílóòbù ò sì kú, a jẹ́ pé nǹkan já láàárín wọn. Wáyà kúkúrú tó gba ara dísítíríbútọ̀ wọlé ni. Rọ́bà ara rẹ̀ dán, kò sí àpá kankan, ṣùgbọ́n bàbà inú rẹ̀ ti gé. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbọ̀n lójoojúmọ́ ló ń rọ̀ ọ́ títí ó fi já. Wáyà tí kò gùn tó ìka méjì! A gé òmíràn dípò rẹ̀, a yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a nù wọ́n gbẹ, a dá wọn padà. Ó di ìgbà kẹta kó tó sítáàtì, pẹ̀lú èéfín dúdú.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà. Nígbà tí wọ́n fi máa bó ẹ̀gẹ́ náà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ní ìlà dúdú nínú, ìyá sì gé ìyẹn sọnù. Ẹni tó ta pọ́ḿpù kò gbà á padà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìyá fi jẹ àwọn tó bá a hú ẹ̀gẹ́ lówó. Pọ́ḿpù àtijọ́ ọ̀hún nìyí o: mo fi ìka dí ẹnu rẹ̀, mo te ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí mi níka. Kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ẹ má rò pé olè ni mẹkáníìkì yẹn. Pọ́ḿpù ló máa ń sábà bàjẹ́ lára àwọn 504 tó ń tún ṣe, òun ló sì kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ohun tó bàjẹ́ lára mọ́tò àná ló rà fún mọ́tò òní. Àwa àgbẹ̀ náà ń ṣe é: ewé bá pọ́n, kíá a ti wọ́n oògùn kòkòrò, bóyá ajílẹ̀ lebi ń pa á sí.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ò gbọ́ òórùn epo ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé epo wà nínú táǹkì. Òǹkà epo inú mọ́tò àtijọ́ ń purọ́ ju àwa èèyàn lọ. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bó bá fa afẹ́fẹ́ sínú "fíìì", ihò ìmí rẹ̀ ti dí, ìyẹn nìkan sì tó láti dá epo dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí orí fílítà afẹ́fẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní pípa, ẹ fi ọwọ́ fa ibi tí tọ́rọ́tù ti ń fa kábúrétọ̀. Epo tín-ínrín gbọ́dọ̀ ta jáde nínú ọ̀fun rẹ̀. Bó bá ta, epo ti dé kábúrétọ̀. Bí kò bá ta, ẹ yọ wáyà kékeré tó ń gbé iná wọ kọ́ìlì kí iná kankan má bàa sí, ẹ fa ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé epo wọ kábúrétọ̀ sínú ìgò, kí ẹnìkan yí i díẹ̀. Epo á máa tú pọ́, pọ́, pọ́. Bí kò bá tú, ẹ wo fílítà epo, ẹ wo rọ́bà tó ti sán tó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ epo, ẹ wá wo pọ́ḿpù kẹ́yìn. Ṣé ẹ rí i pé kẹ́yìn ni mo fi í sí?

Epo inú ìgò yẹn náà, ẹ gbé e kalẹ̀ kó tòrò. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà láàárín òun àti epo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lásìkò ọ̀wọ́n epo, ẹ má fo ibí yìí o.

Lórí ọ̀rọ̀ kan, mi ò ní bá yín ṣeré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa da bẹntiróòlù sí ọ̀fun kábúrétọ̀ nígbà tẹ́lòmíràn ń yí kọ́kọ́rọ́. Iná lè ta padà látinú rẹ̀, ìgò epo sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì fi ẹnu fa epo. Èyí tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pa èèyàn. Iṣẹ́ epo àti ìyẹ̀wò iná púlọ́ọ̀gì, ẹ má ṣe wọ́n pọ̀. Ẹ parí ọ̀kan, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ tó ṣe ìkejì.

Tí epo bá ti kún inú ẹ́ńjìnì jù, ẹ má máa fún tọ́rọ́tù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá yí i. Afẹ́fẹ́ á pọ̀ sí i, á gbẹ́ epo náà. Tó bá sì jẹ́ àárọ̀ tí òjò rọ̀ mọ́jú, tàbí ọmọ yín fọ ẹ́ńjìnì lánàá, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú àti ìta ìdérí dísítíríbútọ̀ àti gbogbo wáyà púlọ́ọ̀gì. Inú ihò jíjìn ni púlọ́ọ̀gì 504 wà, omi sì fẹ́ràn ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdú tín-ínrín nínú ìdérí náà bíi pé wọ́n fi pẹ́ńsù fà á, ó ti sán nìyẹn, iná ń gba ibẹ̀ sá lọ. Kọ́ńtáàtì tó bá dúdú, ẹ fi sáńpépà dídán ra á. Àlàfo rẹ̀ kò ju bíi 0.4 mílímítà lọ. Bàbá mi máa ń fi páálí ìṣáná wọ̀n ọ́n kó lè délé, tó bá wá délé, á fi géèjì wọ̀n ọ́n dáadáa. Kẹ́ ẹ tó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ sàmì sí ìkọ̀ọ̀kan. 1-3-4-2 ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Bẹ́ ẹ bá dà wọ́n rú, ẹ ti fi àìsàn tuntun kún ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí mọ́tò yín ní bíréènì bọ́ọ̀sì, ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ rọra. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó gbọ́ kí pọ́ḿpù dún "wíìn" lẹ́yìn mọ́tò fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ wo fíúsì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi rílè tó bára mu láti ara fèrè pààrọ̀ tiẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó tú táǹkì. Bí iná tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá ń ṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kí mọ́tò má dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀. Ẹ má fi wáyà ta iná lásán lára wọn o, bíréènì bọ́ọ̀sì lè bá a lọ. Rẹ́wáyà tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ pè. Onídísẹ́ẹ̀lì ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná ní tiẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wọ ọ̀nà epo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bomi rin oko lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀rọ ìfami kékeré yẹn náà ń béèrè nǹkan mẹ́ta kan náà. Àwọn kan nínú wọn tún ní ohun tó ń pa iná tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bá ti lọ sílẹ̀. Ẹ ó máa fa okùn títí apá á fi máa ro yín, ọ́ìlì lásán ló ń béèrè. Ẹ wọn ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó wà lábẹ́ ìjókòó pikọ́ọ̀pù yín kò wọ́n: sípánà púlọ́ọ̀gì, púlọ́ọ̀gì kan tó dára, kọ́ńtáàtì àti kọ̀ndẹ́ńsà kan, wáyà bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, gílóòbù kékeré bíi ti mẹkáníìkì yẹn, sáńpépà, aṣọ gbígbẹ, ìgò funfun kan.

Èyí tó kan iṣẹ́ tèmi gan-an ló kù. Ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ méjì. Nítorí náà, kẹ́ ẹ má ṣe hú u títí mọ́tò á fi dé iwájú oko tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń dún létí yín. Awakọ̀ tó bá ní òun ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹ jẹ́ kó dé ná. Bẹ́ ẹ bá ti hú u kí mọ́tò tó kọṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa jù ú mọ́ra tàbí kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, torí ojú ọgbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹ kó o sábẹ́ òjìji, ẹ fi erùpẹ̀ tútù tàbí àpò tí ẹ rẹ sómi bò ó, kẹ́ ẹ sì máa wọ́n omi sí i títí mọ́tò á fi sítáàtì.